Pòtétò Màmá Kò Ta ní Àkúrẹ́

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Mo kí Bàbá, mo kí Tọ́lá àbúrò mi, mo sì kí àwọn ebè pòtétò ẹ̀yìn ilé wa, torí mo mọ̀ pé àwọn lẹ máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ kí ẹ tó kí Bàbá.

Ara mi le. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo wá ṣe ń lọ déédéé, owó oṣù náà sì ń tó mi jẹun. Ẹni tí a ó jọ jẹ ẹ́ ni kò sí. Ooru ibí kò bá mi lára mu, kódà bí òjò rọ̀. Bàbá ní ilé ni mò ń lọ, pé ọmọ Oǹdó ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ níbí. Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Oǹdó, wọ́n ń fi èdè wọn dápàárá, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín ohun tí n kò gbọ́. Mo sunkún nínú mọ́tò nígbà tí mò ń padà.

Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ nígbà tí Bàbá ní kí ẹ jọ padà sílé tí òun bá ti fẹ̀yìn tì. Ẹ ní ẹ ò lè gbé ibi tí pòtétò ò ti lè ta nínú ebè. Ẹ wá di irúgbìn fún mi, kí n gbìn ín wò. Tó bá ta, ẹ ń bọ̀. Tí kò bá ta, kí Bàbá má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo gé e kí ojú wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi eérú pa ibi tí mo gé, mo kọ ebè gíga. Ewé rẹ̀ yọ, ó tutù minimini. Ìyá onílé mi, ará Ọ̀wọ̀, ní òun ò rí ẹni tó ń bá ewé sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo tilẹ̀ ti gbá yàrá tí ẹ máa sùn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà á. Gbòǹgbò lásán ló pọ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo rí kò tóbi ju ẹ̀kùrọ́ lọ. Ìyá onílé ní ilẹ̀ ibí gbóná jù fún un, pé ọ̀dùnkún ni kí n gbìn, ó sì gé itakùn rẹ̀ fún mi. Mo se àwọn kékeré náà pẹ̀lú èèpo, mo bu iyọ̀ sí i. Òórùn ilé wa gba gbogbo yàrá. Àwo méjì ni mo gbé kalẹ̀, n ò mọ ìgbà tí mo gbé èkejì.

N ò ní parọ́ fún yín, Màmá. Kò ta, n ò sì rò pé yóò ta lọ́dún tó ń bọ̀. Mo kọ èyí síta kí gbogbo ẹni tó bá kà á lè bá mi bẹ̀ yín. Pòtétò ò lè gbé Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ yín ń gbé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nítorí tèmi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Bàbá sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò àti àwọn ìyá ìjọ. Itakùn ọ̀dùnkún náà ṣì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́yìn ilé. N ò tíì gbìn ín. Mò ń dúró dè yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísọ́lá