Sílè Tó Ń Dún Lọ́wọ́ Gómìnà

Mọ́ńdè, 6 Nòfẹ́ńbà 2023
Èmi Jàmàlú, ọba Rigasa, àdúgbò wa, ló ń kọ ìwé yìí. Tí mo bá lówó tán, aráyé á fẹ́ kà á. Kí wọ́n fojú fo sípẹ́lì.

Oríire dé! Gómìnà — ìyá àgbà mi tó tọ́ mi dàgbà — ní ẹ̀gbà ọwọ́ kan. Sílè fàdákà ayé òyìnbó ni wọ́n so pọ̀, èyí tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí. Ó ń dún ṣáá, ṣinrin-ṣinrin. Ọ̀gá kan l'Ábújá tó ń kó owó àtijọ́ jọ rí fọ́tò ẹ̀. Ó fẹ́ rà á. Owó kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù tèmi nìyẹn! Àmọ́ kò fẹ́ òrùka kéékèèké tí wọ́n jó mọ́ ọn. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ di owó padà.

Túsìdeè, 7
Mo ti to irọ́ sílẹ̀ fún Gómìnà. Kò jẹ́ kí n lò ó. Ó bọ́ ẹ̀gbà, ó ní, "Mú un, ọkọ mi. Ṣebí ìwọ náà lo ni ín." Mi ò mọ ohun tó ń wí. Ọjọ́ mélòó kan yìí, orúkọ bàbá mi ló fi ń pè mí.

Wẹ́sìdeè, 8
Barnawa, lọ́dọ̀ Ezra tó ń rọ fàdákà. Ó mi ẹ̀gbà náà létí ara ẹ̀. Ó fi Hausa sọ pé haba, tóun bá yọ òrùka wọ̀nyí, á dákẹ́ o. Mo ní ṣé sílè ń kọrin ni? Yọ ọ́ jàre.

Jímọ̀, 10
Wallahi, ó ń dán! Àpá kankan ò hàn. Àfi bíi pé àná ni wọ́n gbin igi ọ̀pẹ yẹn. Mọ́ńdè ni Àbújá. Mo ti sọ kẹ̀kẹ́ lórúkọ: Jàmàlú Airways.

Ilé kàn dákẹ́ ni. Mi ò gbọ́ ìgbà tí Gómìnà ṣe àlùwàlá.

Sátidé, 11
Mo jí, ẹní Gómìnà ṣófo. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Mo sáré láìwọ bàtà. Ọ̀nà ríluwéè ni mo ti rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń din kóse, àkàrà àwọn Hausa. Ó ní Jàmàlú lòun ń wá. Ọmọ náà kì í jókòó — ìdí tóun fi so sílè mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nìyẹn, kóun lè máa gbọ́ ibi tó wà. Láàárọ̀ yìí òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ tèmi. Mi ò mọ̀ rárá.

Mo ní, Ìyá, èmi rèé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ti dàgbà jù. Bá mi wá a."

Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. A wá mi títí oòrùn fi yọ.

Sọ́ńdè, 12
Mo dúró de Ezra lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, èmi Mùsùlùmí, pẹ̀lú fìlà. Ó ní ọba Rigasa, kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Mo ní mo ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹran ara mi le. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó jó òrùka padà, ó rí gbágungbàgun. Ọ̀gá Àbújá ní mo ti ba owó jẹ́. Ó ti búlọ́ọ̀kì mi.

Mọ́ńdè, 13
Mo ṣì wà lórí ẹní. Ṣinrin-ṣinrin. Gómìnà ń ṣe àlùwàlá.

Ó dáwọ́ dúró, ó mi ọwọ́, ó tẹ́tí. Ó wá pariwo sí ìta: "Jàmàlú! Mo ń gbọ́ ẹ o! Má lọ jìnnà!"

Mo ní mi ò lọ ibì kankan, Ìyá.