Igi Òwú Yín ni Múínátù Fi ń Kọ́ Ìrìn

Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Bàbá Múínátù,

Mo kí yín o, mo kí gbogbo ará ilé wa tó wà lọ́dọ̀ yín ní Àbíjàn. Ìyá yín ń kí yín, orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n díẹ̀díẹ̀. Òjò pẹ́ kó tó dé, àmọ́ àgbàdo ti ń yọ.

Dókítà Ìbàdàn ní inú ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì ni àìsàn ọmọ wa ti wá. Ara rẹ̀ kò lè lo oúnjẹ bíi tàwa, òun ló mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan. Wọn ò tíì rí oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìrìn ní ọsibítù ní kí n wá nǹkan tí ọmọ yóò máa dì mú. Ẹ má bínú, àwọn igi tí ẹ máa ń ta òwú sí lẹ́yìnkùlé ni mo so ọparun mọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú wọn.

Obìnrin náà ní èèyàn méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ọ̀kan á di ọmọ níbàdí mú látẹ̀yìn, èkejì á lóṣòó síwájú, á na ọwọ́ sí i. Èmi ni mo wà lẹ́yìn. Ìyá yín kò lè lóṣòó, ni mo bá gbé àpótí tí ẹ fi ń jókòó hunṣọ síwájú Múínátù. Lánàá, ó rìn débẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpótí náà, ó wá yíjú wò mí bíi pé mo tan òun jẹ.

Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi wọkọ̀ wálé. Ọlọ́run á sọ yín kalẹ̀ láyọ̀. Àpótí kò lọ́wọ́ tí yóò fi gbà á mọ́ra.

Èmi ni,
Àwáwù, ìyàwó yín.