Ẹ̀rín Opó Inú Fídíò

                                        Ilé Fídíò Bísọ́dún,
                                        Ẹ̀yìn ọjà Arákàlẹ̀,
                                        Àkúrẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1996.

Lékan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Awakọ̀ Ìgbàrà-Òkè tó máa ń já èrò sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló fún mi ní ìwé rẹ. Ṣé àlàáfíà ni Ìbídùnní ìyàwó rẹ wà? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé eékún yẹn ti ń jẹ́ kí wọ́n lọ sóko? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé owó oṣù kò jáde, pé gúgúrú ni ẹ̀yin olùkọ́ ń jẹ lọ́sàn-án báyìí, ẹ sì ń pè é ní ààwẹ̀. Àwa náà wà níbí. Epo bẹntiróòlù wọ́n, iná kò sí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń kú déédéé, ìyẹn ni iṣẹ́ fídíò ìsìnkú wa kò fi tíì kú.

O ní kí n rán ọ létí ohun tí olùkọ́ wa ní pólì máa ń sọ, nípa bí ọgbọ́n tí a fi ń ṣe fíìmù àti èyí tí a fi ń kọ ìtàn kúkúrú ṣe ń bí ìtumọ̀, nítorí pé ìwé kò sí nílé-ìwé yín, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ sì fẹ́ẹ́ ṣèdánwò. Mo fẹ́ kọ ọ́ bí ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó tó kọ́ni ju ìwé lọ, ìyẹn ni kí o fi kọ́ wọn.

O rántí gbólóhùn méjì tí olùkọ́ náà kọ sí pátákó: "Ọkọ kú. Ìyàwó ra bàtà tuntun." Gbogbo wa hó pé obìnrin burúkú ni. Ó yí i padà: "Ìyàwó ra bàtà tuntun. Ọkọ kú." A ní owó bàtà ló pa á. Bàtà kan náà, òkú kan náà. Ó ní ohun tí òǹkọ̀wé kò bá kọ, òǹkàwé á kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kì í sì í kọ ire. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù: àwòrán kan kò mọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí o bá gbé òmíràn tì í.

Ní ìparí oṣù keje, a lọ ya fídíò ìsìnkú ní Oǹdó. Olóògbé ni Bàbá Rufus Adépọ̀jù, tó fi iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó fẹ̀yìntì. Màmá Agnes ni opó wọn. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ, wọ́n wá jọ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bísọ́dún, ọ̀gá mi, ló di kámẹ́rà mú. Èmi ni mò ń gé fíìmù, tí mo ń tò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bísọ́dún ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń ya Màmá Agnes bí wọ́n ṣe ń jáde nínú aṣọ dúdú. Okùn ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó fìdí jókòó sínú ọpọ́n omi, ewúrẹ́ sì gùn ún láyà. Opó tó ti ń sunkún láti ọjọ́ mẹ́ta bú sẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà kò kú. Ó rí òfuurufú, ó rí ìwo ewúrẹ́, ó wá rí ẹ̀rín náà dáadáa.

Nígbà tí a dé ibojì, bátìrì tán bí pósí ṣe wọlẹ̀. A kò rí ojú opó yà. O sì mọ àwọn èèyàn wa: bí pósí bá ti wọlẹ̀ nínú fídíò, ojú opó ló kàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní gba kásẹ́ẹ̀tì. Mo wá ojú náà títí. Ti àárọ̀ yẹn nìkan ló sún mọ́ni, mo bá gbé e tì pósí. Mo gé ewúrẹ́ kúrò. Mo fa àwòrán náà lọ́ra kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀, mo fi orin arò sí i. Èrò mi ni pé bí a bá fa ẹ̀rín lọ́ra, yóò jọ ẹkún. Lékan, kò jọ ẹkún. Ó jọ ẹ̀rín ẹni tó ti ń retí ọjọ́ náà láti ogún ọdún. Mo rí i. Ṣùgbọ́n iná lè lọ nígbàkigbà, mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó pé ogójì ọjọ́, mọ̀lẹ́bí péjọ sí pálọ̀, wọ́n yá jẹnẹrétọ̀. Èmi ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n sì fún mi ní ìrẹsì. Pósí wọlẹ̀, Màmá Agnes fi eyín han gbogbo ilé. Àǹtí Motúnráyọ̀, àbúrò olóògbé, fò dìde.

"Ẹ dá a padà síbẹ̀!"

Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀meje.

"Ẹkún wo ni wọ́n ń fi eyín òkè àti tìsàlẹ̀ sun? Ìyàwó wa, o ò tiẹ̀ dúró kí erùpẹ̀ bò ó!"

Màmá Agnes ní, "Ewúrẹ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín, Àǹtí."

"Ọkọ rẹ ń wọlẹ̀, ewúrẹ́ lò ń wò?"

Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀kúnlé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó jẹ́ díákónì, tó sì ti ń wo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà tìfẹ́tìfẹ́ tipẹ́, rọra ní ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ ohun tó fi sọ́bẹ̀ ọkọ. Mọ̀lẹ́bí ní kí opó kó jáde kí oṣù tó parí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ìrẹsì wà lẹ́nu mi. Kí n tó gbé e mì, wọ́n ti dájọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Màmá Agnes wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́, wọ́n ní kí n fún àwọn ní kásẹ́ẹ̀tì tí ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lásìkò yìí, ta ló ń rí kásẹ́ẹ̀tì tuntun? Orí ògbólógbòó la ń ya tuntun lé. Níbi tí ewúrẹ́ wà tẹ́lẹ̀, ìyàwó tuntun kan ní àdúgbò Ìjàpọ̀ ló ń gé kéèkì. Màmá Agnes wo ìyàwó náà títí. Wọ́n ní ó lẹ́wà.

Ni ọgbọ́n pólì bá gùn mí. Kásẹ́ẹ̀tì ibi tí wọ́n ti jẹun ṣì wà. Mo mú pósí kan náà, mo gbé Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀kúnlé tì í, níbi tí wọ́n ti ń fa itan adìẹ ya, tí wọ́n ń mirí. Mo fà á lọ́ra, mo gbé e lọ sí Oǹdó, mo fi han mọ̀lẹ́bí.

Mo ní, "Wákàtí méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni Bọ̀ọ̀dá jẹ adìẹ yìí. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Bí mo ṣe ṣe ti Màmá náà nìyẹn."

Àǹtí Motúnráyọ̀ yíjú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà?"

"Orin ni mò ń mirí sí, Motúnráyọ̀!"

"Òun ní ewúrẹ́, ẹ̀yin ní orin. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ pa á!"

Gbogbo ilé hó pé bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀kúnlé fi ojúlówó èdè Oǹdó bú mi. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìyá mi nìkan ni mo gbọ́. Nínú ìjọ, ìjókòó ẹ̀yìn ni díákónì ń jókòó báyìí. Opó kó jáde lọ́sẹ̀ yìí. Àǹtí Motúnráyọ̀ ló ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí pé òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì jẹun, nínú fídíò náà. Kámẹ́rà kò yà á rárá. Kọ ìyẹn sí pátákó fún àwọn ọmọ rẹ.

Lánàá, Màmá Agnes yà kí mi pẹ̀lú báàgì kan. Wọ́n ń lọ sí oko àbúrò wọn ní Ìjàrè. Wọ́n ní kí n fi fídíò náà han àwọn. Wọ́n wo ẹ̀rín náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Adébùsóyè, kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín tó báyìí?"

"Ewúrẹ́ ni, mà. Ewúrẹ́ gun Bísọ́dún láyà."

Wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ẹni tó ń wá nǹkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, n kò rí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀."

Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ wọkọ̀.

Bá mi kí Ìbídùnní, kí o gbé ọmọ sókè fún mi. Sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n má kánjú kú o. Ọwọ́ wa dí. Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá sì bi ọ́ pé ta ló jẹ̀bi, sọ fún wọn pé orúkọ ẹni tó gé fíìmù, ìparí ló máa ń jáde, nígbà tí àwọn òǹwòran bá ti dìde.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí o ti mọ̀ látijọ́,
                                        Adébùsóyè.