Ìhà Olówó Ni Wọ́n Pín Mi Sí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Aránṣọ, ọmọ mi obìnrin, ló ń kọ èyí sílẹ̀ fún mi, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Kó má fi kún un, kó má tún un ṣe. Ìyá rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kà á.

Lónìí ní kíláàsì àwọn àgbà, lẹ́yìn ilé káfíńtà — ìyẹ̀fun igi nínú irun gbogbo wa — Tíṣà ní a óò ṣe àríyànjiyàn. Ní gẹ̀ẹ́sì! Ṣé ó tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ní owó tí odindi ìlú ò lè ná tán? Inú rẹ̀ la ti máa kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹni tó bá dìde tó sọ gbólóhùn márùn-ún á bọ́ sí kíláàsì kejì. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ á dúró síbi tó wà.

Ọdún kẹta mi rèé níbi tí mo wà. Alága — ìyàwó mi ni, èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ — mọ̀ ju gbólóhùn márùn-ún lọ dáadáa. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó. Tó bá lọ tí èmi kù, ta ni màá jókòó tì?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ìnọ́ọ̀fù. Ó tó. Aránṣọ ní wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bó ṣe dún lẹ́nu mi ni kó kọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Wọ́n pín wa sí méjì. Alága wà lára àwọn tó máa ní kò tọ́. Èmi àti onígbàjámọ̀ la máa gbèjà olówó. Èmi! Mo ní mi ò ṣe. Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ̀kọ́ lásán ni, kì í ṣe ìbúra." Mo ní kó wá ẹlòmíràn. Ó ní kò sí ẹlòmíràn. Mo kọ ẹ̀yìn sí i títí kíláàsì fi parí.

Aránṣọ ń béèrè ìdí. Ó dáa, kọ ọ́. Oko olówó kan ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Lọ́dún kan, àgbàdo kún àká ọkùnrin náà títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Bàbá mi àti àwọn yòókù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn gbé díẹ̀ lọ sílé. Ó kọ̀. Nígbà tó jẹrà tán, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò, kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ebi sì ń pa wá nílé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n gbèjà!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti rí ọgbọ́n kan dá. Èmi ò lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí náà mo ń fi í sọ nǹkan lórúkọ. Ewúrẹ́ wa ni Gíríìdì: ojúkòkòrò. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó tún jẹ etí aṣọ oníbàárà Aránṣọ. Ọkọ́ bàbá mi ni Ìnẹ́rítì: ohun tí mo jogún. Táyà tó ti bẹ́ tí mi ò sọ nù ni Wéésìtì: ìfiṣòfò. Mo ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kan bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kíláàsì ni mo wà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo pe Gíríìdì, ó wá! Ó yára kọ́ ẹ̀kọ́ jù mí lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbà. Màá gbèjà olówó. Kì í ṣe nítorí Tíṣà o. Alága ló ń ká aṣọ láàárọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é, bàbá ọmọ mi. Ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́." Kí n jókòó jẹ́jẹ́ kẹ̀! Mo wọ bàtà, mo ṣáájú rẹ̀ dé kíláàsì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ogun ti bẹ́ nílé. Alága ń kọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Tí mo bá yọ, ó sọ ọ́ di orin kí n má baà gbọ́. Èmi náà ń sọ tèmi fún kẹ̀kẹ́ tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Nídìí oúnjẹ, ó ń bu omi fún mi, mo gbọ́wọ́ sókè: ìnọ́ọ̀fù. Ẹ̀rín pa á, omi dà sílẹ̀. "Wéésìtì," ló wí. Kò burú. Mo fún un ní máàkì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ní gbólóhùn mẹ́ta. Onígbàjámọ̀ fún mi ní ẹ̀kẹrin bó ṣe ń fá orí mi: olówó ló ń fún èèyàn níṣẹ́. Ìkarùn-ún ò wá. Orí ń dán, inú rẹ̀ ṣófo.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò tíì wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Aránṣọ, kọ ọ́ kíákíá. Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní olówó náà ṣiṣẹ́. Mo ní ohun tó jogún, tirẹ̀ ni. Mo ní òun ló ń fúnni níṣẹ́. Mo ní ojúkòkòrò kì í ṣe ti olówó nìkan, ewúrẹ́ mi náà ní in. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mẹ́rin nìyẹn. Mo tún la ẹnu — òfìfo. Tíṣà di pẹ́ńsùlù mú, ó ń wò mí. "Ẹ jókòó ná, Bàbá. Tó bá dé, ẹ dìde."

Alága dìde. Ó ní ọkùnrin kan wà, ó ní àká. Ìtàn bàbá mi ni! Ní gẹ̀ẹ́sì! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ fún un rí, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ó dé ibi ihò náà, ó lo dìsáfù, pé àwọn tó gbin àgbàdo náà ló tọ́ sí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ mọ́ mi létí. Omi wà lójú mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má fojú pa á rẹ́.

Ó jókòó. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìdúró. Mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ó pé, kò yẹ̀: ìyàwó mi ló jàre.

Onígbàjámọ̀ káwọ́ lérí. "Bàbá! Ẹ ti tà wá!" Àwọn yòókù ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Tíṣà dìde. Ó na ìka márùn-ún sókè, ó kọ orúkọ mi sí kíláàsì kejì, lábẹ́ ti Alága.

Lójú ọ̀nà ilé, Alága ò jẹ́ kí n gbádùn. "Ẹ tún un sọ. Ní èdè wa, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Mo ní gbólóhùn márùn-ún ni Tíṣà béèrè. Mi ò ní ẹ̀kẹfà.