Àmì Tí Mo Fà sí Ojú Ìwé Kejì

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Kíákíá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ìyá àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo ilé jà lórí rédíò wọn? Mo kí gbogbo yín kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá, mo sì mọ̀ pé wàá ti máa sọ pé Abẹ́rẹ́ ti di èèyàn ńlá, kò fẹ́ fèsì mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà kàn wà ni, mi ò kú, mi ò yè.

O kọ ọ́ pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lésà dé kílíníìkì yín náà, pé obìnrin mẹ́wàá lẹ máa ń ṣe tán kí ọ̀sán tó pọ́n, àti pé ìwọ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá tábìlì ìgbàlejò. Mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní ọgbọ́n wa àtijọ́ lo ṣì ń lò sí fọ́ọ̀mù, mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mi ò lè kà á tán lọ́jọ́ yẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Jọ̀ọ́, jókòó kà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi aránṣọ ni. O rántí wọn dáadáa, àwọn ni wọ́n rán ẹ̀wù funfun tí àwa méjèèjì kọ́kọ́ wọ̀ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ní ìdí tìrẹ nìkan fẹ́ gba odidi ọ̀pá aṣọ kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àbíkẹ́yìn wọn ni wọn ò ti lè mú ìtọ̀ dúró mọ́. Bí wọ́n bá sín, ó ti já. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó ti já. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ́ àga ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn kì í sì í dìde kí oníbàárà tó lọ. Nígbà tó yá, wọn ò lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni mo sọ fún wọn nípa ẹ̀rọ wa, pé kò sí abẹ, kò sí oògùn oorun, iná lésà lásán ni wọ́n ń tàn sí ojú ara, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta, awọ ibẹ̀ á sì tún le padà. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ìwọ náà mọ àwọn tó ṣe é tí ara tù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, obìnrin mẹ́jọ ló wà níwájú mi, àga ò tó. O mọ fọ́ọ̀mù náà. Ojú ìwé kìíní, orúkọ àti àdírẹ́sì. Ojú ìwé kejì, àwọn ìbéèrè tí kò ṣeé bi èèyàn létí ẹlòmíràn. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára yín lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró? Ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ láàárín ọdún mẹ́ta? Ìwọ lo kọ́ mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pé kí n má wulẹ̀ béèrè, kí n fa àmì sí "rárá" níbi ti ẹ̀jẹ̀, kí n fà á sí "bẹ́ẹ̀ni" níbi ti àyẹ̀wò, kí ojú má baà ti àwọn obìnrin, kí ìlà sì máa lọ. Mi ò fi bú ọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é lẹ́yìn tí o lọ, mo sì rò pé àánú ni mò ń ṣe. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo tilẹ̀ yára fà jù, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, wọ́n fà mí lápá aṣọ. Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́, ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ o." Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo ti kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wọlé.

Nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ti ń kán lára wọn láti oṣù méjì, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́. Dókítà wa tuntun wo fọ́ọ̀mù, ó rí rárá, ó rí bẹ́ẹ̀ni, ó tan iná. Ẹ̀gbọ́n mi náà wá rò pé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá ṣe pàtàkì, ẹnì kan ì bá ti béèrè. Nígbà tó pọ̀ sí i lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní bóyá bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni nọ́ọ̀sì wa gbọ́ òórùn, tí dókítà sì pa ẹ̀rọ, tó ní kí wọ́n máa lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni, Kíákíá. Ó ti dé ara àpò ìtọ̀. Dókítà ọsibítù fi ìka ka oṣù sẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà, ó dúró sí oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ó ní ká ní òun rí wọn nígbà yẹn ni, iṣẹ́ abẹ ì bá kápá rẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọsibítù béèrè fáìlì wọn lọ́wọ́ wa, èmi ni wọ́n rán. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo yọ ojú ìwé kejì, mo ká a sínú àpò mi. Mo tún dá a padà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ọsibítù tẹ́ ojú ìwé náà sórí tábìlì níwájú àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi wọ awò wọn. Ṣé o rántí àmì mi, tí o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ìwọ̀ ẹja, pé ìrù rẹ̀ máa ń ká padà? Ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ti kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ kọjá lára aṣọ nìyẹn, àwọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú tí mo fi mọ̀ ọ́n fà, ọmọ ọdún méje ni mí. Wọ́n wo àwọn àmì náà láti òkè délẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ta ló fàmì sí rárá níbí yìí?"

Wọ́n yọ awò wọn. Wọ́n ní, "Èmi ni. Ojú ló tì mí."

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn ló fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Mo jẹ́ kó kọ ọ́ tán.

Wọn ò tíì bá mi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí di òní. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n tún ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ pé ìtọ̀ tí àwọn tìtorí ẹ̀ sáré kiri, àwọn ò tilẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Inú ara mi ń bí mi débi pé mi ò lè wo ọwọ́ mi. Àfọwọ́fà ni, ta ni mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn? Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jẹ́wọ́ fún dókítà wa. Ó gbé mi kúrò ní tábìlì, ó sì ní kí n máa pe gbogbo obìnrin tí mo bá kọ fọ́ọ̀mù láti ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò. Mo ti pe mọ́kànlélógójì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù, ó ní màmá ti kú lọ́dún tó kọjá. Mi ò lè béèrè ohun tó pa wọ́n.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ ni mò ń rí, àti obìnrin mẹ́wàá tó ń jókòó síwájú rẹ. Pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bi wọ́n, kí o sì dúró gbọ́ èsì. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ń dà, má jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀rọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìlà bá gùn, jẹ́ kó gùn.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti ìyá àgbà. Fọwọ́ pa àwọn ìbejì lórí fún mi.

Gbogbo ọjọ́ Ajé la ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Fọ́ọ̀mù wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbọ̀n, orúkọ wọn nìkan ń gba àkókò, àwọn tó wà lẹ́yìn wa á sì máa pòṣé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo na ọwọ́ láti bá wọn kọ ọ́. Wọ́n rọra gbé bíìrò náà bọ́ sí ọwọ́ kejì, ní ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ mi ò lè dé.

                                        Tìrẹ ni mí, bó ti wù kó rí,
                                        Abẹ́rẹ́.