Fèrè Tó O Ní Kí N Fi Dáná

Ilé Onídànà,
Ìsàlẹ̀-Ọjà,
Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Sódìq ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Àyìnkẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyá ń le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti kó iṣu tó kù lóko Ògbooro wálé? Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́, iṣẹ́ òfì ń lọ. Èmi fúnra mi, kò sí ohun tó ń ṣe mí ju ẹwà lọ.

O máa ní kí ló dé tí mi ò tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bíró ni mo fi kọ èyí, kí n lè fi àmì sórí ohun tó bá yẹ kó ní àmì. O máa tó mọ ìdí rẹ̀.

Ṣebí o rántí fèrè dúdú tí mo rà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ṣakí, èyí tí wọ́n ń pè ní kìláríńẹ́ẹ̀tì. Igi gidi ni, kì í ṣe rọ́bà. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ó ń rùn. Kì í ṣe rírùn kékeré o. Tí mo bá ṣí àpótí rẹ̀, á dà bí ìgbà téèyàn ṣí yàrá tí òjò ń jò sí, tí wọ́n wá tì pa láti ọjọ́ tó ti pẹ́: aṣọ tó ti bu, eku, ìtọ́ òyìnbó tó ti kú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ onífèrè wa, Ọ̀gá Jẹ́ẹ́dé tó jẹ́ olórí wa fọwọ́ dí imú. Wọ́n ní, "Ṣùkúrù, ṣé fèrè lo gbé wá àbí òkété tó kú sínú ihò?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní tí òórùn yẹn ò bá kúrò kó tó di wòlímátì àwọn ọmọ ilé kéú, àwọn á fi ipò mi fún Gbádébọ̀.

Gbádébọ̀! Ẹni tó ń fọn fèrè bí ẹni ń fẹ́ná ìdí ìkòkò.

O mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Waheedat àbúrò mi wà lára àwọn tó parí Kùránì. Nínú ilé wa, òun lọmọ àkọ́kọ́ tó máa parí ohunkóhun. Èmi fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ti ṣèlérí fún un pé èmi ni màá fọn fèrè níwájú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé mọ́ṣáláṣí. Irú ẹ̀gbọ́n wo ni mí tí Gbádébọ̀ bá wá ń bá mi ṣe é?

Mo bá dojú kọ òórùn. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú fọ ẹnu fèrè. Mo ju pẹlẹbẹ ọparun àtijọ́ tó ń mú ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀ nù, mo ra tuntun. Mo ń fi aṣọ rírọ̀ nu inú rẹ̀ títí aṣọ fi ń jáde ní funfun. Ó ṣì ń rùn. Ni mo bá da káfúrà sínú àpótí. Sódìq, ṣebí káfúrà la fi ń tọ́jú òkú? Bí mo ṣe gbé e kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn bàbá tó jókòó síbẹ̀ dìde, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kú. Bàbá Ládòkun ti ń wá bàtà wọn láti lọ síbi ìsìnkú.

Ìgbà yẹn ni mo bi ọ́ lórí wáṣáàpù, torí ìwọ lo kọ́ fèrè nílé ìwé. O dá mi lóhùn. Bó o ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí: "Ma gbe fere yen si oorun o."

Mo kà á: Máa gbé fèrè yẹn sí oòrùn o. Kí lèèyàn tún fẹ́ kà níbẹ̀? Nílẹ̀ wa yìí, kí la kì í sá sí oòrùn? À ń sá gbodo, à ń sá ẹ̀pà, à ń sá ẹní tí ọmọ tọ̀ sí. Mo gbé fèrè sórí páànù, mo lọ jókòó sídìí òfì mi. Nígbà tí mo máa fi kírun Alásàrí tán, ó ti là, láti ọrùn dé ihò kejì. Mo fọn ún, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde bí ọ̀rọ̀ ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ sí ọ. O wá fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Mo ní MÁ gbé e sí oòrùn, dìndìnrìn! Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn parí ìwé. Fi dáná jàre."

Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi ni mi ò parí ìwé, ìwọ tó o parí ẹ̀ ni ò lè fi àmì kan ṣoṣo sórí "má". Mi ò gbà pé ẹ̀bi tèmi ni, mi ò sì ní í gbà. Ká gbé ẹjọ́ yìí dé ààfin, ìwọ ló máa jẹ̀bi.

Mi ò fi dáná. Ahunṣọ ni bàbá mi, ahunṣọ lèmi náà. Mo mú òwú tó le, mo fi ìda oyin pa á, mo wé e mọ́ ibi tó là, mo sì fà á le bí ìgbà tí mo bá ń ta òwú. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó rò ó: níbo gan-an ni òórùn yìí ń gbé? Kì í ṣe inú igi. Àrán pupa tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí ló ti bu. Mo fà á ya dànù, mo fọ̀bẹ họ gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀. Àpótí lásán ni mo wá sá sí oòrùn. Mo di èédú sínú àpò aṣọ, mo tì í mọ́nú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi í sínú fíríìjì tó ń rùn. Ṣebí èédú ni Òkè-Ògùn ń tà fún gbogbo ayé. Tìmùtìmù kéékèèké tó ń dí ihò fèrè náà ti bu, mo gé awọ rírọ̀, mo fi pààrọ̀ wọn. Fèrè fúnra rẹ̀, abẹ́ ibòji ni mo gbé e sí kó gba atẹ́gùn. Nígbà tó yá, mo fi sányán tí mo fọwọ́ ara mi hun tẹ́ inú àpótí. Ọba òyìnbó ò ní irú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé e lọ. Mo ní kí Ọ̀gá Jẹ́ẹ́dé fi imú bọnú àpótí. Wọ́n fi bọ̀ ọ́, wọ́n tún fi bọ̀ ọ́, wọn ò gbóòórùn nǹkan kan. Ni wọ́n bá rí òwú lára fèrè. "Kí lèyí? Ṣé ó ṣẹ́ lápá ni?" Gbádébọ̀ ní kí wọ́n bá mi pe àwọn tó ń to eegun. Ọ̀gá wá ní fèrè rọ́bà kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí n fọn ìyẹn lọ́jọ́ wòlímátì.

Mo ní mi ò fọn fèrè ẹgbẹ́. Mo ní tí fèrè mi ò bá bá wọn lọ, èmi náà ò lọ. Màá dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, màá fọn ún fún àbúrò mi, kí gbogbo Ìsàlẹ̀-Ọjà wá yan ẹni tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé. Mo gbé e sẹ́nu. Ohùn kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí kò jáde mọ́ látìgbà tó ti là. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, mo fò ó bí ẹni fo kòtò ojú títì, mo sì fi ẹ̀yẹ sí i. Nígbà tí mo ṣe tán, Ọ̀gá ò yìn mí. Wọ́n kàn ní, "Orí rẹ le ju igi fèrè yẹn lọ. Wá dúró sápá ọ̀tún mi."

Bá mi kí ìyá àti bàbá. Kí Mùyìbátù àbúrò rẹ náà, sọ fún un pé mo ṣì ń wá a bọ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀ ni wòlímátì, o sì gbọ́dọ̀ wá. Dúró sẹ́bàá ọ̀nà tí Waheedat máa gbà kọjá. Etí rẹ kàwé, o máa mọ̀ pé ohùn kan ò sí níbẹ̀. Tó o bá sọ ọ́ fẹ́nì kan, màá ní bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n ní Ìsẹ́yìn nìyẹn, wọ́n á sì gbà mí gbọ́.

Èmi tìrẹ tí kì í tọrọ àforíjì,
Ṣùkúrù Onífèrè.