Póòkù Inú Fìlà Bàbá

Ilé wa,
Ọ̀sì.

Adégbóyèga ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni Ìlọrin wà? Ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú igi hù lórí àpáta kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ gbẹ, ẹ̀rọ tí ò ń tẹ̀ kò sì ní tẹ̀ ọ́ padà, àmín. Ara wa le nílé, àfi àbúrò rẹ Ọpẹ́olúwa tó ń bá mi kọ ìwé yìí, tó fajú ro bí ẹni tí wọ́n ní kó gúnyán àlejò. (Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ kọ ọ́.)

Ọ̀rọ̀ póòkù tó o sọ nígbà Àjíǹde ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wálé, o ní èdè tó gbọ́ ń jẹ́ Béésíìkì, pé bí èèyàn bá ti kọ àṣẹ tí wọ́n ń pè ní póòkù, tó kọ àdírẹ́sì ibi tó ń lọ, tó wá kọ nọ́ńbà tẹ̀lé e, tààrà ló máa kó dátà sínú mẹ́mórì, ẹ̀rọ náà ò ní béèrè ìdí, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì pa rẹ́. O tún ní téèyàn bá ṣi àdírẹ́sì kọ, ẹ̀rọ lè dákú. Gbogbo ilé ló tẹ́tí, èmi nìkan ló yé.

Ìdí ni pé mẹ́mórì Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá rẹ, ti ń lọ. Láti ìgbà òjò ni wọ́n ti ń fi orúkọ ìyá wọn pè mí. Bẹ́ẹ̀, àwọn nìkan ló mọ ààlà oko ọ̀nà Ìdọ̀fin tí wọ́n pín fún bàbá rẹ kó tó kú, oko káṣú tí mo fi rán ọ lọ sílé ìwé. Mo bá lọ ra dátà lọ́dọ̀ Táyé tó ń ta káàdì, mo yọ mẹ́mórì tí orin ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀ kúrò nínú fóònù mi, mo ní kí Ọpẹ́olúwa kọ póòkù sórí bébà, kó kọ àdírẹ́sì ilé wa tẹ̀lé e, mo fi bébà náà wé mẹ́mórì, mo tẹ̀ ẹ́ sínú fìlà Bàbá. Wọ́n dé e. Wọ́n ní ṣé a fẹ́ fi àwọn ránṣẹ́ ni. (Mo sọ fún Màmá pé dátà tẹ́ ẹ wí kì í ṣe ti fóònù. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé ta ló gba F nínú ìṣirò.)

Ibi tí mo ti ń retí kí póòkù mi jinná ni àbúrò bàbá rẹ, Bọ̀ọ̀dá Àbújá, ti dé, tàwọn ti búrẹ́dì gígùn àti mílíìkì. Nígbà tí bàbá rẹ kú, wọ́n ní ọ̀nà ò dára, wọn ò lè wá. Ọ̀nà ti wá dára báyìí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó ti Bàbá, wọ́n á fi tíì sí wọn lẹ́nu, wọ́n á ní Dádì, ẹ rántí o, èmi lẹ fún ní oko ọ̀nà Ìdọ̀fin. Dádì, èmi ni o. Bàbá á ní hẹn. Mo ní háà, póòkù gan-an rèé! Wọn ò ra dátà, wọn ò gbé kọ̀ǹpútà, tààrà ni wọ́n ń kó o sínú mẹ́mórì arúgbó, òun náà ò béèrè ìdí, ohun tó wà níbẹ̀ sì ń pa rẹ́. (Mo jẹ nínú búrẹ́dì náà. Ó dùn. Inú mi bàjẹ́ pé ó dùn.)

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ẹbí péjọ. Olórí ẹbí ní kí Bàbá fẹnu ara wọn sọ ẹni tó loko. Bọ̀ọ̀dá Àbújá sún mọ́ wọn, wọ́n ní Dádì, ẹ wí i. Bàbá ń wo àjà. Wọ́n ní Dádì, ẹ ò rántí ni? Bàbá ń wo àjà. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo pè wọ́n bí ìyá wọn ṣe máa ń pè wọ́n nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí ìyàwó: Àdìó! Àdìó, ọmọ a-fi-àpáta-pààlà! Ọmọ mi, ọrùn Bàbá nà bíi ti àkùkọ. Wọ́n ní hìn-ín, oko ọ̀nà Ìdọ̀fin, èmi àti ọkọ rẹ la jọ gbin obì sí ààlà ẹ̀, láti ibi àpáta títí dé odò, tiyín ni. Wọ́n wá yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Àbújá, wọ́n ní ọkùnrin yìí ńkọ́, ṣé a ò tíì san owó búrẹ́dì ẹ̀ ni?

Àṣé àdírẹ́sì ni wọ́n ṣì kọ! Ta ló bí Bàbá tó sọ wọ́n ní Dádì? Bọ̀ọ̀dá Àbújá ò dákú, àmọ́ wọn ò mu omi tá a gbé fún wọn, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Òbbò-Ayégúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra mẹ́mórì mìíràn, torí Bàbá ò jẹ́ ká yọ ti inú fìlà mọ́, wọ́n ní òun ló jẹ́ káwọn rántí. Fi ti àwọn tó máa ro ààlà oko kún un, kí ojú ẹlòmíràn má tún wọ ibẹ̀.

Láti Àjíǹde, o ò tíì wálé. Mọ́mì lò ń pè mí lórí fóònù, o sì ń ní o ń bọ̀. Mi ò bá ọ jà. Àdírẹ́sì rẹ ni mo máa kọ. Àjàní! Àjàní ọmọ ọmọ Àdìó, ọmọ a-fi-àpáta-pààlà! Ilé ò ní di ìgbàgbé lọ́kàn rẹ, ọ̀nà tó gbé ọ lọ á gbé ọ bọ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa káṣú, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùnní.

(Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá o. Wọ́n ti pe oríkì Bàbá, wọ́n ti pe tiyín. Àbẹ̀kẹ́ ni tèmi, bí ẹ bá ti gbàgbé.)